Ìdàrọ́ Ni Mo Lọ Kọ́

Inú àgbẹ̀dẹ ni mo ti bá bàbá mi ní Ìfọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ àkòrí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi fún wọn. Wọ́n ń tún ẹnu ọkọ́ kan rọ fún àgbẹ̀ kan tó wá láti Ìlobù. Wọn kì í fi ẹwìrì fẹ́ iná mọ́. Fáànù kékeré kan tí wọ́n so mọ́ bátìrì ọkọ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó.

"Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?"

"Ìdàrọ́ ni, bàbá. Bó ṣe ń dì nígbà tí wọ́n bá ń da irin."

Wọ́n ti ọkọ́ náà padà sínú èédú, wọ́n wò mí. "Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìdàrọ́ tí mo ń hú dànù lábẹ́ iná yìí, òun ni wọ́n ní kí o lọ kọ́?"

Ọmọ iṣẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ìbéèrè kan náà ni mo ti bi ara mi lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ àkòrí mọ́ ògiri ẹ̀ka wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba iṣẹ́ lórí bátìrì, lórí ike, lórí ohun tí wọ́n fi ń gba iná lára oòrùn. Èmi gba ìdọ̀tí irin. Mo ń kọ èyí fún àwọn àbúrò tí orúkọ wọn yóò bọ́ sábẹ́ àkòrí tí wọn kò fẹ́, àti nítorí pé ìbéèrè bàbá mi tọ́ sí ìdáhùn gidi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú àgbẹ̀dẹ, ìdàrọ́ ni ohun dúdú oníhò tí ń kó jọ sísàlẹ̀ iná: eérú èédú, iyanrìn, àti ìpẹ́pẹ́ tí ń bọ́ lára irin gbígbóná, gbogbo wọn yọ́ pọ̀, wọ́n sì dì. Láyé ìgbà tí àwọn baba ńlá wa ń yọ irin fúnra wọn láti inú òkúta ilẹ̀, ìdàrọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní 1904, C. V. Bellamy, òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀gá iṣẹ́ òde fún ìjọba ní Èkó, kọ̀wé nínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ìyọ́rin kan ní Ọlá-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́. Ní 1977, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé Adéníjì lórí irin wíwà àti irin sísun jáde, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yé mi nínú iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni pé ẹni tí ìdàrọ́ rẹ̀ kò bá ṣàn kò lè rí irin rẹ̀ yọ. Nǹkan tí kò wúlò ń yọ́, ó ń ṣàn kúrò, irin á sì dá dúró. Àwọn onírin òde òní náà máa ń sọ pé bí ènìyàn bá tọ́jú ìdàrọ́, irin yóò tọ́jú ara rẹ̀.

Níbo wá ni ìdàrọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ irin dídà? Láyé àtijọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tí irin bá ti yọ́ tán, wọn á dà á sínú àpótí irin ńláńlá, wọn á jẹ́ kó dì, wọn á yọ ọ́, wọn á tún mú un gbóná kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ di ọ̀pá. Iṣẹ́ náà pẹ́, ó sì ń jẹ epo. Ọ̀nà tí ó borí lónìí ni dídà láìdáwọ́dúró: irin yíyọ́ ń wọlé láti òkè àpótí bàbà kan tí kò ní ìdí, a ń pè é ní mọ́ọ̀dù, omi sì ń sáré yí ara mọ́ọ̀dù náà ká. Irin tó kan bàbà á di èèpo tín-ínrín, wọn á máa fa á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi á máa tú sí i lára nísàlẹ̀, títí gbogbo inú rẹ̀ yóò fi dì. Ohun tó ń jáde kì í tán títí wọn yóò fi gé e. Ohun tó pẹ́ kí ọ̀nà yìí tó ṣeé lò dáadáa ni pé irin máa ń lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù. Siegfried Junghans, ará Jámánì, ló wá ọ̀nà àbáyọ ní 1933: ó mú kí mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ máa lọ sókè sódò bí irin ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí ó ṣe rí létí. Ní 1982 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ irin Delta Steel ní Aladja lẹ́bàá Warri, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń da irin láìdáwọ́dúró. Ọ̀pá irin onígun mẹ́rin tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n ṣètò pé kí wọ́n máa kó lọ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀rin mẹ́ta: ti Jos, ti Katsina, àti ti Òṣogbo. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìfọ́n, tó gba Ìlobù kọjá, kò ní pẹ́ dé Òṣogbo. Nítorí náà, irin tó kọ́kọ́ dì nínú mọ́ọ̀dù bàbà ní Aladja, nítòsí ilé wa ni wọ́n ṣètò pé kí ó ti di irin ìkọ́lé.

Nínú mọ́ọ̀dù yẹn ni ìdàrọ́ mi wà. Nígbà tí wọ́n bá ń da irin tó fẹ̀, wọ́n máa ń wọ́n páúdà kan sí ojú irin yíyọ́ náà. Láìmù, silica, fluorspar, soda àti èédú kúnná ló wà nínú rẹ̀ jù. Páúdà náà ń bo irin kí afẹ́fẹ́ má bà á jẹ́, kí ooru má sì sá. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kan irin á yọ́, á di ìdàrọ́ olómi, á sì máa ṣàn wọ àárín irin àti bàbà. Ibẹ̀ ni ó ti ń tẹ́ bí awọ, kì í sábà nípọn ju milimita kan tàbí méjì lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin tó lé ní 1,400°C. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bàbà tí omi ń tù, tí yóò yọ́ tí ó bá dé 1,085°C. Awọ ìdàrọ́ tín-ínrín yẹn ló dúró láàárín ọ̀tá méjì.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára nìyí. Awọ náà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ibi tó kan bàbà tutù lójijì, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò ráyè to ara wọn, ó sì di gíláàsì. Ibi tó kan irin ṣì jẹ́ olómi, òun ló ń mú kí irin yọ̀ kọjá. Láàárín méjèèjì, níbi tí ooru ti tó tí àyè sì ti wà, àwọn átọ́ọ̀mù á tò ní ìlà, wọ́n á di kírísítálì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn ń jẹ́ cuspidine. Calcium, silicon, oxygen àti fluorine ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé: oyin tó tú rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ lónìí, tí ẹ bá pa á tì, tó di ẹyọ ṣúgà funfun nísàlẹ̀ ìgò. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan kún un.

Kí ló kàn wá bóyá gíláàsì ni tàbí kírísítálì? Ooru ni. Gíláàsì máa ń jẹ́ kí ìtànṣán ooru gba inú rẹ̀ kọjá, bí fèrèsé ṣe ń jẹ́ kí oòrùn wọlé. Kírísítálì wẹ́wẹ́ ń tú ìtànṣán náà ká, wọ́n ń dá a padà. Yàtọ̀ sí èyí, ìdàrọ́ tó di kírísítálì máa ń sún kì, ojú rẹ̀ tó kọjú sí bàbà á rí ṣákaṣàka, afẹ́fẹ́ á wà nínú àwọn kòtò kéékèèké náà, ooru kò sì ní lè tètè fò ó. Nítorí náà, bí kírísítálì bá pọ̀, irin á rọra tutù; bí gíláàsì bá pọ̀, irin á tètè tutù.

Irin kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tó bá a lára mu. Irin tí carbon inú rẹ̀ wà ní bíi 0.1 sí 0.15 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń yí ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀ padà ní kété tó bá ń dì, ó sì ń sún kì lójijì. Bí a bá tù ú kíákíá, èèpo rẹ̀ kò ní dọ́gba, yóò sì sán lóòró. Irú irin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ìdàrọ́ tó kún fún kírísítálì. Ṣùgbọ́n irin tó ní carbon púpọ̀, èèpo rẹ̀ kò lágbára, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù. Bó bá lẹ̀, èèpo á ya, irin yíyọ́ á tú jáde nísàlẹ̀. Ìjàǹbá tó lè ba ẹ̀rọ jẹ́, tó sì lè pa ènìyàn ni. Ìyẹn ń fẹ́ gíláàsì àti olómi tó ń yọ̀. Ẹni tó ń po páúdà ń wá ààlà tó wà láàárín méjèèjì, ohun tó sì kọ́kọ́ ń wò ni iye láìmù tó wà sí silica. Bí láìmù bá pọ̀, kírísítálì á tètè yọ.

Mo ti mọ gbogbo èyí láti inú ìwé kí n tó lọ ṣe IT ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin àlòkù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo bi ọ̀gá tó ń darí wa níbi mọ́ọ̀dù pé níbo ni páúdà wà.

"Páúdà wo? Òróró la fi ń ṣe é níbí, IT."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń da ọ̀pá kéékèèké kì í lo páúdà. Òróró ni wọ́n ń jẹ́ kí ó máa sun sára bàbà kí irin lè yọ̀. Èmi tó gba iṣẹ́ lórí ìdàrọ́ inú mọ́ọ̀dù, mo dé ibi tí irin ti ń dì lójoojúmọ́, mi ò rí ẹyọ páúdà kan. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún un pé bóyá kí n lọ bẹ ẹ̀ka kí wọ́n yí àkòrí mi padà.

Ohun tó mú mi dúró ni ìdàrọ́ mìíràn. Níbi ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń tún irin ṣe kí wọ́n tó dà á, wọ́n máa ń da ìdàrọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí òkúta kan níbẹ̀ tó tóbi tó agbárí ènìyàn, ó le, ó ní àwọ̀ eérú, ó ṣì ń gbóná. Mo fi ọ̀pá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí n lè mú un lọ han bàbá mi ní Ìfọ́n tí ó bá tutù. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí òkúta. Ìyẹ̀fun funfun ni mo bá níbẹ̀, ó kúnná bí ẹfun. Mo rò pé ẹnì kan ti gbé òkúta mi, ó wá da láìmù síbẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe. Á dì tán, á tún wá fọ́ ara rẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá ìdí rẹ̀. Nínú ìdàrọ́ tí láìmù rẹ̀ pọ̀, kírísítálì kan wà tí a ń pè ní dicalcium silicate. Bó ṣe ń tutù tó ń súnmọ́ 500°C, ó máa ń yí ìtò átọ́ọ̀mù rẹ̀ padà, èyí tó yí padà sí sì ń gba àyè tó fi bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òkúta kò lè fà, nítorí náà ó fọ́ yángá. Bí a bá fi borate díẹ̀ sí i nígbà tó ṣì jẹ́ olómi, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé tí nǹkan bá ti dì, iṣẹ́ tán. Òkúta yẹn fi hàn mí pé dídì kì í ṣe òpin. Ohun tó le ṣì ń rìn nínú. Mi ò sọ̀rọ̀ yíyí àkòrí padà mọ́.

A padà sílé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀ka wa kò ní irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lókè òkun, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ ẹ̀kán ìdàrọ́ kan lórí wáyà, tí wọ́n á máa wo kírísítálì bó ṣe ń yọ lójú rẹ̀. Iléru kan ni a ní, ìkòkò graphite mélòó kan, àti thermocouple kan tó ń lo bátìrì. Olùdarí mi ní kí n po oríṣi méjì: ọ̀kan tí láìmù rẹ̀ jẹ́ 0.9 sí silica kan, àti ọ̀kan tó jẹ́ 1.2. Kí n yọ́ wọn ní 1,300°C lábẹ́ ibi tí èéfín ti ń jáde, torí pé fluorine kì í ṣe ohun à ń fà símú. Kí n da ìdajì sórí pátákó irin tutù, kí n sì di ìdajì yòókù mú ní 1,000°C fún wákàtí kan. Èrò wa ni pé ti 0.9 yóò wà ní gíláàsì, ti 1.2 yóò di kírísítálì.

Ìdajì tí mo dà sórí irin jáde bí a ti rò: méjèèjì mọ́ gara, wọ́n ń dán, a lè ka ìwé gba inú wọn. Mo dá ìdajì kejì padà sínú iléru. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, iná lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí rí mọ bó ṣe rí lára. Jẹnẹrétọ̀ kò lè gbé iléru náà. Fluorspar tí mo fi owó oúnjẹ rà ti tán. Mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn iléru, mi ò sì lè tún nǹkan kan yọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe ni mo ṣe: mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo sì ń kọ ohun tí thermocouple ń sọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí ó fi di aago méjì òru. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó kàn sàn ju kí n máa sunkún lọ.

Láàárọ̀, nígbà tí mo gbé wọn jáde, méjèèjì ti funfun. Ti 1.2 funfun, ti 0.9 náà funfun bí àwo tánganran. Mo ní iṣẹ́ mi ti bàjẹ́. Mo kó wọn lọ bá olùdarí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé èyí tó mọ́ gara sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó funfun, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Báwo ló ṣe tutù? O kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ṣí ìwé náà. Ojú ewé mẹ́ta ni, pẹ̀lú ẹ̀kán àbẹ́là tí mo tan nígbà tí fóònù kú. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé òǹkà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ nìyí."

Ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn sọ ni pé ìdàrọ́ tí a pè ní ti gíláàsì, tí ó bá ti rí àyè tó pọ̀ tó láàárín ooru tó yẹ, òun náà yóò di kírísítálì. Ohun tí a pò sínú rẹ̀ ń sọ bó ṣe máa yá tó. Àkókò ni ó ń sọ bóyá yóò ṣẹlẹ̀. Bó sì ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù gan-an nìyẹn: awọ tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ bàbà máa ń jẹ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dúró síbẹ̀, tí ooru irin ń kàn án, kírísítálì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ẹ̀gbẹ́ tó gbóná wá. Ẹni tó bá wo páúdà nínú àpò rẹ̀ nìkan kò tíì mọ ohun tí yóò dà.

Mo kó ẹyọ méjì dání nígbà tí mo padà sí Ìfọ́n, méjèèjì láti ara ti 0.9. Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òkúta tó di ẹfun fún bàbá mi. Ìfọ́n ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ẹfun fún wa. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kàn mi orí. Mo wá fi ẹyọ gíláàsì àti ẹyọ funfun náà lé wọn lọ́wọ́.

"Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jáde."

Wọ́n yí wọn sí òsì, wọ́n yí wọn sí ọ̀tún. Wọ́n gbé gíláàsì náà sókè, wọ́n fi wo ìmọ́lẹ̀. "Èyí ló tètè kúrò lẹ́nu iná."

Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn nípa bí a ṣe tù wọ́n. Wọ́n rí ẹnu mi tó là, wọ́n nawọ́ sí ìkòkò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owú. "Àdá tí mo bá tì bọ omi lójijì, á le, á mú, ṣùgbọ́n ó lè dá. Èyí tí mo bá jẹ́ kó tutù sínú eérú, á rọ̀. Irin kan náà ni. Kí ló dé tí ìdàrọ́ ò ní mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń hú ìdàrọ́ jáde lábẹ́ iná gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n ya èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀, wọ́n gbọn eérú ara rẹ̀ dànù, wọ́n gbé e fún mi. "Mú èyí náà lọ wò. Kí o sì kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀."